Ẹ Dè É Mọ́lẹ̀: Bí A Ṣe Ń Múra De Òjò Oníjì ní Abúlé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, nígbà tí mo ṣì kéré, ìjì ká òrùlé ilé wa ní abà kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ gbéra. Ó pàtẹ́wọ́ bí ìgbà mẹ́ta, ó sì fa ti ilé ńlá tẹ̀lé ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú oko obì aládùúgbò wa la ti rí i: igi rẹ̀ ṣì kan mọ́ra wọn, páànù ṣì wà lórí rẹ̀, ìṣó kan kò yọ. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, yí i ká títí, ó wá ní, “Iṣẹ́ yìí dára. A kàn gbàgbé láti so ó mọ́ ilé ni.”

Láti ìgbà náà, mo ti tẹ̀lé káfíńtà gun òrùlé ní Agó-Ìwòyè, ní Òrù, ní Awà, títí dé ìhà Ìsarà àti Ìpara ní Rẹ́mọ. Ohun kan náà ni mo sábà máa ń rí lẹ́yìn ìjì: ògiri dúró, òrùlé lọ. Páànù lè dára, igi lè dára, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó di òrùlé mú mọ́ ògiri kò sí níbẹ̀, tàbí ó ti dípẹtà. Ẹni tó ń gbé abúlé, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tó fẹ́ mọ ohun tí òun yóò kọ́kọ́ ṣe, òun ni mo kọ èyí fún.

Ìgbà tó ń wá, àti ibi tó ń gbà wá

Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó ń lọ títí di oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkọkànlá, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje a máa pọ̀, a lè rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà mú ìjì líle dání. Èyí tó ń ṣí òrùlé ni òjò ìbẹ̀rẹ̀ àti òjò ìparí: láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Àkókò méjèèjì yìí ni atẹ́gùn olómi tó ń ti òkun bọ̀ àti atẹ́gùn gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ máa ń du ààyè mọ́ra wọn lọ́wọ́. Oòrùn a mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a gòkè, ìkùukùu a ga fíofío. Bí òjò bá wá ń já bọ́ láti inú irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀, a máa wọ́ afẹ́fẹ́ tútù wálẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á kọlu ilẹ̀, kò ní ríbi wọ̀, á wá sáré gba iwájú òjò lọ. Òun ló ń gbé eruku, tó ń yí ewé padà, tí ara wa fi ń tutù lójijì nígbà tí ẹ̀kán òjò kan kò tíì kán.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìjì wọ̀nyí ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, wọ́n ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ fi í sọ́kàn, torí ó kan bí a ó ṣe to páànù. Bí ojú ọ̀run ìhà ìlà-oòrùn bá dúdú bí aró lọ́sàn-án, tí etí ìkùukùu náà sì tò lọ gbọọrọ bí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ parí ebè tó kù. Ẹ máa bọ̀ nílé.

NiMet, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń sọ ti gbogbo ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ máa gbọ́ ọ lórí rédíò. Agbègbè ńlá ni ìkìlọ̀ wọn ń bò, ojú ọ̀run orí yín gan-an ni yóò sọ wákàtí rẹ̀ fún yín.

Ohun tí ìjì ń ṣe sí òrùlé

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí, torí ẹni tí kò bá lóye rẹ̀ yóò náwó síbi tí kò yẹ. Ìjì kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀. Bó bá ń gba orí rẹ̀ kọjá, a máa fà á sókè, bí ẹnu ṣe ń fa ọ̀rá kúrò lára ike omi. Bí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn bá sì ṣí sílẹ̀ ní apá tí ìjì ti ń bọ̀, ìjì yóò wọlé, yóò tún máa ti òrùlé láti abẹ́. Èyí ń fà, èyí ń tì.

Ẹ wo bí agbára rẹ̀ ti tó. Bí ìjì bá ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, agbára tó ń lò lórí òrùlé tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, sún mọ́ ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì kan. Páànù tó wà ní ààyè yẹn fúnra rẹ̀ kò wúwo tó kílò 5. Ilé tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 10 níbùú àti mítà 12 lóòró, bí ẹni pé ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì 120 ń gbé e lọ sókè ni. Bí eré ìjì bá sì di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí rèé tí n kì í fi gbà bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òrùlé òun ti wà láti ọdún 20, kò sì ṣí. Ìjì tó lágbára díẹ̀ sí i ju gbogbo èyí tó ti rí lọ ti tó.

Ibi tí agbára yìí ti ń pọ̀ jù ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òrùlé, etí rẹ̀, àti ṣóńṣó orí rẹ̀. Ẹ ó rí i pé igun ló sábà ń kọ́kọ́ ká. Bí igun kan bá ti ká, atẹ́gùn ti rí ẹnu ọ̀nà nìyẹn.

Ẹ yí ilé yín ká kí oṣù kejì tó tán

Oṣù kìíní àti ìkejì ni kí ẹ fi ṣe é: ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, káfíńtà sì ráyè. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣí òrùlé mẹ́ta ní àdúgbò, ẹ ò ní rí káfíńtà mọ́, owó pákó á sì ti gbéra.

Ẹ kọ́kọ́ dúró níta, kí ẹ wo etí òrùlé. Ṣé páànù kan ń dún bí atẹ́gùn kékeré bá fẹ́? Ṣé ẹ rí ìṣó tí orí rẹ̀ ti gbéra? Ṣé ihò ìṣó ti fẹ̀ débi pé ìṣó ń mì nínú rẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àkàsọ̀, kí ẹ wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú ọ̀bẹ dání, kí ẹ fi gún igi tó sùn lórí ògiri, èyí tí káfíńtà ń pè ní wọ́ọ̀lù-pléètì. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán tàbí omi ti jẹ ẹ́. Èmi kì í fi igi yìí ṣeré rárá, torí òun ni gbogbo òrùlé gùn lé. Tí ikán bá ti wọ inú rẹ̀, ìṣó tuntun tí ẹ bá kàn mọ́ ọn kò ní dúró. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa sí i.

Ẹ wá wo ohun tó so wọ́ọ̀lù-pléètì mọ́ ògiri. Nínú ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ tí mo ti gùn, wọ́n kàn gbé e lé ògiri ni, wọ́n fi amọ̀ bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tán. Nínú ilé búlọ́ọ̀kù tuntun pàápàá, mo ti rí ibi tí wọ́n kàn fi ìṣó kàn án mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ìṣó inú búlọ́ọ̀kù kì í di nǹkan mú bí wọ́n bá fà á sókè.

Síso: láti páànù dé ògiri

Ẹ rò ó bí ẹ̀wọ̀n. Páànù mọ́ pọ́líìnì, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí páànù sùn lé. Pọ́líìnì mọ́ ráfítà, igi dídàgẹ̀rẹ̀ tó gbé e. Ráfítà mọ́ wọ́ọ̀lù-pléètì. Wọ́ọ̀lù-pléètì mọ́ ògiri. Ibi tí ìjì bá bá ojú ẹ̀wọ̀n tó rọ̀ jù, ibẹ̀ ni yóò ti já a. Ti ilé wa, láti ojú ìkẹyìn ni ó ti já, àwọn ojú yòókù ṣì wà digbí.

Páànù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣó tó ní fìlà àti rọ́bà ni kí ẹ lò, èyí tí ara rẹ̀ lọ́ bí okùn bí ẹ bá rí i, torí kì í tètè yọ. Orí ìgbì páànù ni kí ẹ kàn án sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà. Ní àárín òrùlé, ẹ lè fo ìgbì méjì kí ẹ tó kan òmíràn, ṣùgbọ́n ní etí gbogbo, ní igun àti ní ṣóńṣó, ìgbì kan péré ni kí ẹ máa fò. Kí ìṣó gùn tó láti yọ orí sí abẹ́ pọ́líìnì, kí ẹ wá fi òòlù tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣó tí a tẹ̀ báyìí, àfi kí pọ́líìnì fọ́ kó tó jáde.

Bí ẹ bá ń to páànù tuntun, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ máa tò ó bọ̀ sí ìlà-oòrùn, kí èyí tó tẹ̀lé máa gorí èyí tó ṣíwájú. Etí tó ṣí sílẹ̀ á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ìjì tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ kò ní rí ibi tí yóò ki ìka bọ̀. Ọ̀pọ̀ káfíńtà mọ èyí, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí àkàsọ̀ wọn bá wà. Ẹ sọ fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Láàárín pọ́líìnì àti ráfítà, ìṣó kan tó gùn ní íǹṣì mẹ́rin ni wọ́n sábà ń lò. Ẹ jẹ́ kó di méjì, kí wọ́n dàgẹ̀rẹ̀ sí ara wọn, kí ẹ sì fi wáyà tàbí irin pẹlẹbẹ dì í ní gbogbo ibi tó wà ní etí. Ní etí òrùlé, kí àlàfo pọ́líìnì sí pọ́líìnì má ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Ní àárín, 90 lè tó.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ráfítà mọ́ ògiri. Bí ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́, ohun gbogbo rọrùn: kí bíríkìlà tó da kankéré bíìmù orí ògiri, kí ó so irin tó nípọn ní mìlímítà 10 mọ́ irin inú bíìmù náà, kí ẹnu irin yọ sókè, ní mítà kan sí mítà kan. Bí káfíńtà bá ti gbé wọ́ọ̀lù-pléètì lé e, kí ó tẹ irin náà borí igi, kí ó kàn án mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wáyà gbọ́dọ̀ so ráfítà kọ̀ọ̀kan mọ́ wọ́ọ̀lù-pléètì. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwúwo òrùlé á dì í mú. A ti ṣírò ìwúwo rẹ̀ lókè.

Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀ tàbí ilé àtijọ́ tí kò ní bíìmù, ọ̀nà tí bàbá mi lò fún ilé wa nígbà tí a tún un ṣe nìyí. Ẹ wọn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sí 80 wálẹ̀ láti abẹ́ wọ́ọ̀lù-pléètì, kí ẹ lu ihò kékeré já sí òdì kejì ògiri. Ẹ ki wáyà tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó mìlímítà 3 tàbí 4, gba inú ihò náà. Ní ìta, ẹ fi ìgékúrú irin tàbí igi líle dábùú ẹnu ihò kí wáyà má ba à gé amọ̀ bọ̀. Ẹ gbé ẹnu wáyà méjèèjì, ti inú ilé àti ti ìta, gòkè, kí wọ́n kọjá lórí ráfítà, kí ẹ so wọ́n, kí ẹ wá ki igi kúkúrú bọ àárín wáyà náà, kí ẹ máa lọ́ ọ títí yóò fi le bí okùn ìlù. Lẹ́yìn náà ẹ fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì dí ihò náà kí omi má wọ̀ ọ́. Ìdí tí ihò fi gbọ́dọ̀ jìn wálẹ̀ ni pé ògiri tó wà láàárín ihò àti òrùlé ni ìwúwo tí òrùlé ń gbára lé. Bí ẹ bá lu ihò náà sókè jù, ìjì á kàn gbé òrùlé pẹ̀lú ìpele amọ̀ kan lọ ni.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń di irin ń lò kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ọdún díẹ̀ ni, á dípẹtà, ẹ ò sì ní mọ̀ torí inú àjà ló wà.

Bí owó kò bá tó láti so gbogbo ráfítà, ẹ so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún yìí. Bó bá tún kù, ẹ so ráfítà tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ so ti àárín. Mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́: igun mẹ́rin tí a so dáadáa sàn ju àwọ̀ tuntun lára ògiri lọ.

Igi tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ òrùlé mú náà wà. Bí àwọn ráfítà bá tò lẹ́yìn ara wọn láìsí igi tó dábùú wọn, wọ́n lè wó lu ara wọn bí ìwé orí tábìlì. Ẹ kan igi gígùn kan ní ìdábùú láti ìsàlẹ̀ ráfítà àkọ́kọ́ lọ sí òkè ìkẹta tàbí ìkẹrin, ní ìhà méjèèjì ilé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí sílẹ̀ lábẹ́, ìjì ń wọ abẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí a na agboorùn sí i. Bí igi kan náà bá gùn láti ilé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á fa ilé lọ, bó ṣe ṣe tiwa. Ẹ jẹ́ kí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá dúró: igi tirẹ̀ lọ́tọ̀, páànù tirẹ̀ lọ́tọ̀, díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ti ilé ńlá. Bí ìjì bá gbé e, kó gbé òun nìkan. Kí ẹ sì ri òpó rẹ̀ mọ́ inú kankéré.

Ẹni tó ní ilé alámọ̀ á bi mí pé ṣé kí òun gé etí òrùlé kúrú ni. Rárá. Òjò á jẹ ògiri. Ẹ jẹ́ kó yọ jáde tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, kí ẹ sì so etí náà pọ̀ mọ́ ògiri pẹ̀lú wáyà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti táyà àti búlọ́ọ̀kù tí a ń tò sórí páànù, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ búlọ́ọ̀kù kalẹ̀. Ìjì tó lè gbé òrùlé lè gbé búlọ́ọ̀kù sọ sí ọmọ lórí. Bí àtúnṣe kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ rọ yẹ̀pẹ̀ sínú àpò méjì méjì, kí ẹ fi okùn líle so wọ́n pọ̀, kí wọ́n gun ṣóńṣó òrùlé bí ẹrù ẹ̀gbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Ìrànwọ́ fún sáà kan ni, kò rọ́pò síso.

Igi àyíká ilé

Nígbà kan, igbó ló yí abúlé wa ká, ìjì a sì ti ṣe àárẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá mọ iye ilé ìlagi tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó mọ ibi tí igbó náà lọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó kù láàárín ilé, tó ti fi ara ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dàgbà, tó wá ku òun nìkan, ni mo ń bẹ̀rù jù, torí gbòǹgbò rẹ̀ kò kọ́ bí a ṣe ń dá dúró.

Ẹ wo igi kọ̀ọ̀kan tó ga tó láti wó kan ilé. Ṣé ó ti fì sí ilé, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń sán? Ṣé olú ń hù ní ìdí rẹ̀? Ṣé ó ń dún kòròfo bí ẹ bá fi òòlù kàn án? Ṣé àwọn tó gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gé gbòǹgbò rẹ̀ ní ìhà kan? Bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú èyí, ẹ pe ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìgégi lò kó wá sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tó lera, ẹ̀ka rẹ̀ tó nà bo òrùlé àti àwọn tó ti gbẹ ni kí ẹ gé. Ẹ má bẹ́ ẹ lórí pátápátá, torí ẹ̀ka tuntun tó ń hù láti ojú bíbẹ́ kì í di ara igi mú dáadáa, òun ni yóò já ní ọdún kẹta.

Ẹ má sì gé gbogbo igi tán. Bí igi bá tò ní ìhà ìlà-oòrùn abúlé, tó jìnnà sí ilé ju gíga rẹ̀ lọ, á máa dín agbára ìjì kù dé ibi tó jìn tó ìlọ́po 10 gíga rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilẹ̀, ẹ gbìn ín fún àwọn ọmọ.

Oko

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣubú, tó bá ti yọ ọmọ. Ẹ fi ọparun méjì gun ara wọn bí àlùmọ́gàjí tó ṣí ẹnu, kí ẹ fi ti ọrùn rẹ̀ ní ìhà tí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ fì sí, kí ẹ sì kó ilẹ̀ bo ìdí rẹ̀ bó bá ti yọ síta. Níbi tí ọparun kò sí, ẹ fi okùn so ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tó kẹ̀yìn síra mọ́ ara wọn.

Àgbàdo tí ìjì tẹ́ kí ó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Á gbé orí sókè fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá ń fọwọ́ gbé e dìde, ẹ ń já gbòǹgbò tó kù fún un. Pákí tó wó, tí ìdí rẹ̀ sì ti ṣí, tó bá ti gbó, ẹ wú u kíákíá kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rin gààrí, torí kò ní pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà.

Nígbà tí ìjì bá dé

Kí ó tó dé, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti ṣájà fóònù kúrò lára iná. Ìyá mi a máa fi aṣọ bo díńgí, mi ò sì ní ká má bò ó, ṣùgbọ́n wáyà iná àti páìpù omi ni ààrá ń gbà wọlé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sá fún. Ẹ má wẹ̀, ẹ má fọ abọ́. Fóònù tí kò sí lára ṣájà kò léwu.

Ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, pàápàá ní ìhà ìlà-oòrùn. Àwọn kan ń ṣí ilé sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè rí ibi kọjá. Ẹ ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìjì bá wọ abẹ́ òrùlé. Ẹ kó àwọn ọmọ sí yàrá tó kéré jù, tó jìnnà sí fèrèsé. Bí òrùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, abẹ́ ibùsùn onígi tàbí tábìlì líle ni kí ẹ wọ̀, lẹ́bàá ògiri inú. Ẹ má sáré jáde: páànù tó ń fò gé ènìyàn bí àdá.

Ẹni tó wà lóko, kí ó máa ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí mànàmáná kọ títí ààrá fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bí kò bá tó 30, ewu ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, wá ilé gidi tàbí ọkọ̀ tó ní òrùlé irin. Abẹ́ igi tó dá dúró kò dára. Ahéré tí kò ní ògiri kò dára. Bí kò bá sí ibì kankan, sọ ọkọ́ àti àdá sọ́nà jíjìn, wá ibi tó rẹlẹ̀, lóṣòó, pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, má sùn sílẹ̀. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ jìnnà síra yín. Kí ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ dúró 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà, kó sọ̀, kó má sì dúró sábẹ́ pátákó ìpolówó.

Ẹni tí ààrá bá sán lù

Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a máa ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kan ẹni bẹ́ẹ̀ kí àwọn oníṣàngó tó dé. Mi ò kọ èyí láti tàbùkù ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Àmọ́ iná ààrá kì í dúró sí ara ènìyàn, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kò ní rí ìpalára látinú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí a rò pé ó ti kú, ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, ó sì lè padà bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò ní gbangba bí ààrá ṣì ń sán. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ líle, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé èkejì ní àárín àyà rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má dáwọ́ dúró títí yóò fi mí tàbí tí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Kí ẹlòmíràn pe 112. Bí ètùtù bá wà láti ṣe, kí a ṣe é lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn ìjì

Wáyà iná tó já sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kódà bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, ẹ kà á sí pé iná wà nínú rẹ̀. Ẹ jìnnà sí i ju mítà 10 lọ, ẹ má fi igi gbígbẹ sún un, ẹ fi ẹnìkan ṣọ́ ọ kí ọmọdé má kọjá, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn oníná. Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná. Èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Ògiri alámọ̀ tó ti mu omi, ẹ má sùn ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ wò ó bó bá ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀ tàbí tó ti yọ ikùn. Ẹ má gun òrùlé tútù. Ẹ wọ bàtà tó nípọn, torí ìṣó ń bẹ nínú koríko, ẹni tí ìṣó bá gún, kó lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó kó ohunkóhun, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀. Páànù tó kàn wọ́ ṣeé tẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìṣó tuntun bọ ihò àtijọ́: ẹ sún un síwájú díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà dí ti àtijọ́. Ìyára ni ó sábà ń ba àtúnṣe jẹ́. Òjò mìíràn ń bọ̀ lọ́la, káfíńtà á sì fẹ́ kan òrùlé náà padà bó ṣe wà. Ẹ na tapólì bo yàrá kan, ẹ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ so òrùlé náà kó tó padà gòkè.

Odindi ìdì wáyà kan pọ̀ ju ohun tí ilé kan nílò lọ. Ní àdúgbò wa, owó èsúsú ni a fi ń rà á, àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, sì máa ń fi Sátidé méjì nínú oṣù kejì ṣe ọ̀wẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ ń gun òkè, àwọn àgbà ń lọ́ wáyà nílẹ̀. Ilé àwọn ìyá opó la fi ń ṣáájú, igun tó kọjú sí ìlà-oòrùn la sì máa ń kọ́kọ́ so.